Ohun Tí N Kò Rí Sọ fún Alága

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Màlúù mẹ́rin ló bímọ láàárọ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún wàrà bí mo ṣe ń kọ èyí. Alága ló ń kọ́ àwọn ọmọ màlúù bí wọ́n ṣe ń mu wàrà nínú bákẹ́ẹ̀tì — á ti ìka méjì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, á rọra fà wọ́n débi wàrà, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń darí ìpàdé ìdílé. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Alága nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan o. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọ ìlú mi ni, ó fi ọdún méjìlá jù mí lọ, òun ló wá iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè yìí fún mi. Yàrá kan la jọ ń gbé, lókè ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ màlúù sí. Ó máa ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́rú, 5
Àbúrò Alága pè láti ilé. Èmi ló pè. Ìyàwó Alága ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru — ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn ò gbé e dé ọsibítù. Àwọn àgbà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ń wa katakata nínú oko olóko, ta ni yóò dì í mú? Èmi ni kí n ṣọ́ ọ, kí n wá àsìkò tó dáa, kí n tú ọ̀fọ̀ fún un. Mo ní ó ti yé mi. Kí ló yé mi?

Ọjọ́bọ̀, 6
N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo bá a fún wàrà tiẹ̀ láàárọ̀ kó lè sùn. Mo ní kó gba bẹ́ẹ̀dì mi, èyí tó sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Ó ní ṣé mo ṣẹ òun ni. Lọ́sàn-án, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ròyìn gbogbo ọmọ màlúù fún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló kọ èsì: ọ̀fun ń dun Màmá, wọ́n ní kí ẹ máa jẹun dáadáa. Alága ní kó ra oyin fún un. Mo jáde lọ fọ ilẹ̀ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọ̀gá Bàtà — olóko, tí kì í bọ́ bàtà òjò kódà nínú ilé — tún gba ọmọ màlúù méje lọ́wọ́ ìyá wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Àwọn ìyá dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń ké. Ó ní wọ́n á gbàgbé tó bá di ọjọ́ mẹ́ta. Irọ́ ni. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì ń ké.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ìsìnkú di Ẹtì tó ń bọ̀. Mo bi àbúrò rẹ̀ pé ṣé wọ́n á bo obìnrin náà mọ́lẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀ ni. Ó ní èmi ni mo wà nítòsí, kí n fọgbọ́n ṣe é. Wọ́n ti gbé e lé mi lórí. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, títí kan òkú pàápàá. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Mo fi ẹyin méjì sí tiẹ̀, ọ̀kan sí tèmi. Alága ní àfi bíi pé gbogbo ará ilé ti là o. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́nì kan ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun gbẹ̀yìn, àní àbúrò òun tí kì í kí òun láìtọrọ. Mo rẹ́rìn-ín.
Mo ti pinnu. Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn wàrà àárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20
Màlúù kan rọbí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Alága ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, ó tó wákàtí méjì. Ọmọ náà yè. Ó ń fi koríko nù ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló máa dárúkọ ikú níbẹ̀? Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ojo ni mí. Wọ́n ti sin ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Lẹ́yìn wàrà àárọ̀, mo ní kó jọ̀wọ́ jókòó. Ó da ojú bákẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Kí n tó la ẹnu, ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ mi ni, àbí?”
Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìgbẹ́ màlúù.
Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì fún òun, tí mi ò fi ìhanrun òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ilé tí kì í jẹ́ kóun sinmi sì dákẹ́, kò tọrọ kọ́bọ̀, ohùn ìyàwó òun kò sì wá mọ́. Ó ní wọn kì í ṣàánú èèyàn báyẹn lásán. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bi mí. Ó ní ṣé ẹnu ara ẹni lèèyàn fi ń tú ọ̀fọ̀ ìyàwó ẹni ni? Wọ́n máa ń sọ ọ́ fúnni ni. Ohùn tó sì ń fi ránṣẹ́, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ ni, kó má baà mọ̀ pé bàbá òun ti mọ̀.
Ó wá ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ sin ín?”
Mo ní àná ni.
“Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí o sọ ọ́,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi sọ sí i létí kí wọ́n tó bò ó.”
Ó dìde. Ó ṣan bákẹ́ẹ̀tì náà, ó bu wàrà sí i, ó lọ bá ọmọ màlúù tó fà jáde lọ́jọ́bọ̀. Ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò bá a sọ̀rọ̀.