Òwú Funfun Lára Kóòtù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé òkun kò tíì bá ọ ṣe eré kankan láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yín. Ara tèmi le. Ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ náà wà ní àlàáfíà. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ ni èébì ti dáwọ́ dúró.

Inú ń bí mi sí ọ. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà máa wá a kiri nínú ìwé yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo rò pé yóò ti rọlẹ̀, àmọ́ ńṣe ló ń gbóná sí i. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìwọ lo gba ààyè ìrìn-àjò tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yín ń fún òbí òṣìṣẹ́ fún wa, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. O kọ̀wé pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, tọkùnrin tobìnrin gbọ́dọ̀ múra dáadáa kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá, pé ọkùnrin tí kò bá wọ kóòtù kò ní wọlé, àti pé ìwọ gan-an lò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ò ń yẹ aṣọ wò. Ọmọ télọ̀ ti di olùyẹ̀wò aṣọ! Mo fi ìwé náà han gbogbo oníbàárà mi. Mo wá gé kóòtù dúdú kan fún ara mi, àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, torí bí aṣọ oníbàárà ṣe ń pọ̀ tó ni tèmi ń gbó tó.

Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ nílé. Inú yàrá wa nínú ọkọ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ rán ìyókù. Ìyá rẹ ń bì, èmi ń rán. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, ó ní òun kò lè gbórí sókè, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n wá ròyìn bí ọmọ òun ṣe gbà mí lálejò. Mo wọ kóòtù, mo de táì, mo wo díńgí, mo sì rí i pé mo dùn ún wò. Ohun tí n kò rí ni òwú funfun tí a fi ń gán aṣọ kí a tó rán an pa, tí a máa ń fà yọ níkẹyìn. Ó wà ní èjìká, ó wà láyà, ó yí ọrùn ká. Ogójì ọdún ni mo ti ń wo òwú yẹn lójoojúmọ́. Ojú mi kì í rí i mọ́. Télọ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlà gùn lẹ́nu ọ̀nà yín. Ìyá kan tí gáùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ ń sọ níwájú mi pé, "Èmi ò wá síbí wá wo orúnkún ẹni ẹlẹ́ni. Kí oníkálukú múra bí èèyàn!" Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi, tòun ti ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà, bú sẹ́rìn-ín: "Ìsinmi la wá ṣe, a ò wá ṣe ìdánwò. Ṣé ẹnu ni mo fẹ́ fi jẹun ni àbí táì?" Àríyànjiyàn wọn dùn mọ́ mi. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ dúró ná, ọmọ mi ló máa parí ẹjọ́ yín.

Mo dé iwájú rẹ. Ọ̀gá rẹ onírùngbọ̀n yẹn dúró tì ọ́. O wò mí látòkè délẹ̀, o sì rí òwú náà. Ìwọ tí mo kọ́ láti máa fi eyín fà á yọ ní ṣọ́ọ̀bù mi kí o tó mọ a, b, d! Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gbà ọ́. O ní, "Ẹ má bínú sà, aṣọ yín ò tíì parí. Òfin ni. Ilé oúnjẹ tó wà lókè ò ní òfin aṣọ, sà." Sà! Bí ẹni pé ojú ọ̀nà la ti pàdé. Ìyá onígáùn mi orí, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fi ojú ara mi rí i tí o tẹrí ba fún onísálúbàtà, tí o ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," torí pé yàrá tó tóbi jù nínú ọkọ̀ ló gbà. Òfin ti lọ sinmi nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀gá rẹ ló ń bà ọ́. Mo mọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀rù tèmi kò bà ọ́?

Mo gòkè lọ bá àwọn tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, mo jẹ búrẹ́dì tútù lórí ìdúró. Nígbà tí mo padà dé, ìyá rẹ ti dìde jókòó, ó ń retí mi. "Báwo ni? Ṣé ó rí yín?" N kò lè wo ojú yẹn kí n sọ òótọ́. Mo ní o fà mí lọ́wọ́ wọlé, o fi mí jókòó sí ìdí fèrèsé, o sì sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé bàbá rẹ nìyí. Ó sunkún ayọ̀. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe parọ́ náà, Ọlọ́run rí mi.

Lọ́jọ́ kejì, o gbé ọsàn wá sí yàrá wa, bóyá o rò pé ọsàn lè bá ọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ dì mọ́ ọ, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà lé ọ lórí. O kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Ńṣe lò ń wo ojú mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo bó ọsàn kan jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo fi bo àṣírí rẹ lè di pàṣán lọ́wọ́ mi.

Wàyí o, gbọ́. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn òbí ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́, wọ́n sì ní irú ọmọ tó mọyì bàbá báyìí ni àwọn ń tọrọ fún ọmọ àwọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ó fẹ́ dìde kó sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Mo lè dá a dúró. N kò ní dá a dúró. Ìgbàkigbà tó bá pè ọ́ lórí fóònù láti dúpẹ́, ìwọ náà dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Èmi ni mo bá ọ pa á mọ́, ọwọ́ mi ló sì máa wà. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lójú omi. Kí ìgbéraga má fi ọ́ ṣe aṣọ wọ̀. Kí o bí ọmọ tí yóò mọ̀ ọ́ níbikíbi tó bá ti rí ọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Télọ̀.

Àfikún: Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń béèrè ohun tí mo ń kọ láti àárọ̀. Mo ní ọpẹ́ ni. Ó ní kí n bá òun fi tòun kún un, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí: "Ọmọ mi, o ṣeun tí o ò jẹ́ kí ojú ti bàbá rẹ láàárín àwọn èèyàn ńlá."