Ẹ̀rọ Inú Àyà Mi Ti Ń Gbóná

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú títì, kí ó má sì jẹ́ kí o gbọ́ ìró burúkú látọ̀dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà tí mo ń kọ yìí fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú.

Ìyá rẹ wà dáadáa. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú, èkejì ń fò kiri. Èmi náà wà, mo ń mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti la àyà mi ní ọsíbítù ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, tí ọkàn mi wá gbàgbé bó ṣe ń lù ní ọjọ́ karùn-ún, tí wọ́n fi ki ẹ̀rọ kékeré tó ń rán ọkàn létí láti lù yẹn bọ abẹ́ awọ mi lápá òsì, mi ò ṣubú mọ́. Dókítà ní bátìrì rẹ̀ á lò tó ọdún mẹ́wàá, mo sì ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé gàrántì ọdún mẹ́wàá wà lára mi, ikú ò lè fọwọ́ kàn mí kó tó pé. Nọ́ọ̀sì ní kí n má jẹ́ kí fóònù súnmọ́ àyà mi, nítorí náà mo so ó mọ́ fèrèsé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pariwo sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń dà bíi pé à ń jà nígbà tí o bá pè. Káàdì ẹ̀rọ náà wà lápò mi. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dá ọkọ̀ wa dúró tó ní òun fẹ́ rí pátíkúlà, mo na tèmi sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní bàbá, ẹ máa lọ.

Wọ́n ní kí n má ṣe iṣẹ́ wẹ́dà mọ́, pé iná rẹ̀ lè da ẹ̀rọ náà lọ́kàn rú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jó irin pọ̀. Ní báyìí mo ń gbé àga sí òdìkejì ọ̀nà, mo ń wo ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi láti ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ́. Mi ò sì lè dìde lọ fi hàn án.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe wẹ́dà rí mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bẹ̀rù nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ki ẹ̀rọ náà sí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Mo jókòó jẹ́ẹ́ kó lè sinmi, mo rẹ aṣọ sómi tútù, mo tẹ́ ẹ lé e. Ó pupa, ó wú bíi pé oyin ló ta mí. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn, mo ní àgbà ló dé. Mo ń de bọ́tìnì ẹ̀wù mi dé ọrùn kí ìyá rẹ má bàa rí i.

O rántí télọ̀ tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní ọsíbítù, tó ní kí n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n torí pé ọjọ́ méjì ṣáájú mi ni wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lára. A máa ń pe ara wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pè é lánàá, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ó ní àwọn ti sin ín. Ni mo bá béèrè bóyá bátìrì ló tán. Obìnrin náà ò bínú. Ó ní bátìrì ò tán, ọkọ òun ló tán. Ó ní ojú ọgbẹ́ náà ló kọ́kọ́ gbóná, ó pupa, ibà dé. Òun bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn padà sí ọsíbítù, ọkọ òun ní rárá, ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ti sọ fún òun pé bó ṣe máa ń gbóná nìyẹn. Ìgbà tí ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni wọ́n tó gbé e lọ, ó sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀.

Àkọ́bí mi, èmi ni ẹni náà. Télọ̀ bi mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì dá a lóhùn bí ọ̀gá. Mi ò jẹ́wọ́ fún obìnrin náà. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pè.

Mo pe ìyá rẹ, mo bọ́ ẹ̀wù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, ó yára fà á sẹ́yìn. Ó lọ gbé àpótí, ó ń ká aṣọ sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó ní òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ọsíbítù, ó sì ti bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ní kí n pè ọ́. Mo ní òun ni kó pè ọ́, torí gbogbo ìgbà tí o bá ti béèrè ara mi lórí fóònù, ara mi le ni ẹnu mi máa ń sọ kí n tó ronú. Bírò kì í yára tó ẹnu.

Ọkọ̀ awakọ̀ tí mo fi lẹ́tà yìí rán ti kún. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọ̀la ni a ó wọ̀. Wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ọsíbítù. Mo ti ta ẹ̀rọ wẹ́dà mi. Owó rẹ̀ á gbé wa débẹ̀, kò lè ra oògùn, nítorí náà bá mi wá ìyókù, kí o sì bá mi wá nǹkan díẹ̀ fún ìyàwó télọ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, fọ́ọ̀mù mi kan wà níbẹ̀ tó béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí. Dókítà ni mo kọ, torí mo rò pé òun ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Pa á rẹ́. Kọ orúkọ tìrẹ síbẹ̀.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún mi. Wàá jèrè iṣẹ́ rẹ, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi. Láti ìgbà tí a ti bí ọ ni mo ti ń gbàdúrà pé ìwọ ni wàá sin mí, pé èmi kọ́ ni n ó sin ọ́. Mi ò yí àdúrà náà padà. Kí Ọlọ́run gbà á, ṣùgbọ́n kó má tíì jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.