Awò Ojú Tí Kò Gbọ́ Oríkì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo ń bẹ̀rù láti sọ fún yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí n má baà ṣojo. Etí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ti di pátápátá, bíi tiyín. A gbé e dé ilé ìwòsàn ní Parakú, oògùn ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Bàbá. Tiyín ṣe sùúrù títí ẹ fi dàgbà. Kí ló dé tí tirẹ̀ ò lè dúró?

Àbúrò ọkọ mi fi awò ojú kan ránṣẹ́ sí i láti Kútọnu. Tí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á jáde ní kíkọ lára dígí, Àbẹ̀kẹ́ á sì kà á. Ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, n kò tíì rí irú rẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sunkún lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ẹ̀yin máa ń wo ẹnu wa ni, tí ẹ̀rín tiwa bá ń tán lọ ni tiyín tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, àbí ẹ kàn ń bá wa rín in?

Ṣùgbọ́n Faransé nìkan ni awò náà gbọ́. Tí mo bá fi èdè wa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, nǹkan kan kì í jáde. Ni mo bá ń sọ Faransé nínú ilé, èyí tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi nígbà tí etí yín ṣì dáa. Wẹ̀, jẹun, sùn, gbogbo rẹ̀ ni mo rí sọ. Oríkì rẹ̀ ni n kò rí sọ. Láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi, n ò ní kì í, á sì dìde lọ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, iná awò náà tán. Àbẹ̀kẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lọ́fun, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lábẹ́ igi kajú tí mo bá wá kì yín láàárọ̀. N kò kọ́ ọ. Mo ṣì ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tí ẹ fi ayé sílẹ̀. Mo kì í títí ohùn mi fi há. Kò gbé ọwọ́ kúrò.

Bàbá, kí ló máa ń dé inú àtẹ́lẹwọ́ yín nígbà yẹn? Ṣé oríkì ni, àbí ọ̀fun mi tó kàn ń gbọ̀n? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè tó ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ọmọ yín, tí ọ̀fun rẹ̀ ò tíì gbàgbé ọwọ́ yín.