Kí N Tó Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Ẹ̀kọ́ Átọ́míìkì

Ilé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì,
Adó-Odò.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2007.

Jemimah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́, ìwé ńkọ́, ṣé oúnjẹ tí wọ́n ń fún yín ń yó yín? Ọlọ́run tó mú ọ wọ géètì ilé ẹ̀kọ́ ńlá yẹn kò ní í jẹ́ kí o fi omijé jáde níbẹ̀. Àlàáfíà la wà. Bàbá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ irin wọn ní Ọ̀tà, Sátidé ló máa ń wálé, Jùwọ́n àbúrò rẹ ti ń jẹun báyìí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń bọ̀, má fòyà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lò ń dúró dè, fọ́ọ̀mù tí o fi rán Rose oníbúrẹ́dì sí mi ni, èyí tí olùkọ́ yín fẹ́ fi mú ẹ̀yin mẹ́rin lọ kẹ́kọ̀ọ́ átọ́míìkì lókè òkun. O ní bí kò bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Furaidé yìí tó kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú. Jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi dúró, jọ̀ọ́ kà á tán kí o tó bínú.

O mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá ni mo kà, inú oyún rẹ ni mo sì wà tí mo fi ṣe ìdánwò àṣejáde, nítorí náà n kì í ṣe bí ẹni tó mọ ohun gbogbo. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá Tíṣà Ayọ̀rìndé tó kọ́ mi ní ìtàn nígbà náà, mo ní kí ni átọ́míìkì. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan ní ìlú Hiroshima fún mi: ọkọ̀ òfuurufú kan, bọ́ǹbù kan, ní òwúrọ̀ tí àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Ó fi àwòrán àtẹ̀gùn òkúta kan hàn mí, ti báńkì. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Iná bọ́ǹbù náà jó gbogbo òkúta yẹn funfun, ibi tí ẹni náà jókòó sí nìkan ló dúdú. Ohun tó kù lára rẹ̀ nìyẹn.

Jemimah, ara mi kò gbà á, nítorí ìwọ náà mọ bí mo ṣe máa ń tètè dé báńkì ní Ṣàngó bí mo bá fẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ, orí àtẹ̀gùn ni mo máa ń jókòó, màá bọ́ bàtà, màá na ẹsẹ̀. Mo bi Tíṣà bóyá owó ilé ẹ̀kọ́ ni ẹni yẹn wá san, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo bi í bóyá báńkì dá owó rẹ̀ padà fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní ta ló kù tí yóò wá gbà á. Ó ní àwọn tó jù ú sọ pé òun ló jẹ́ kí ogun àgbáyé ìgbà náà tètè parí, pé bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ì bá kú ì bá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Mo ní ẹni orí àtẹ̀gùn ńkọ́, ṣé wọ́n bi òun náà? Tíṣà bu ẹ̀pà fún mi.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tí kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ní ohun tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀, wọ̀ wọ́n lára, irun orí wọn ń re, àìsàn náà kò sì dá ọmọ inú oyún sí. Ó ní erùpẹ̀ tó bá nípọn lè dí i lọ́nà. Bí mo ṣe délé, mo fi fọ́ọ̀mù rẹ sínú agolo Mílò, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ohun tó bá bá a wá láti ilé ẹ̀kọ́ lè wọlẹ̀ lọ. Ikán ti jẹ etí kan lára rẹ̀, má bínú. Ẹ̀wù funfun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, tí o gbàgbé sílé ní ọlidé, ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí ọgbà, ó jìnnà sí aṣọ Jùwọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ara rẹ̀ ń gbóná. Mo jẹ́wọ́, ọmọ mi, mo rò pé ìwọ lo gbé e wálé fún un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbé ẹní rẹ síta. Foríjì mí.

Nígbà tí bàbá rẹ dé, mo sọ fún un, ó ní kí n yé rojọ́ mọ́ ẹ̀wù, kí n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ní ti fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fọwọ́ sí i, pé irin tí àwọn ń yọ́, àwọn kan ń fi kọ́lé, àwọn kan lè máa fi rọ ìbọn, kò sẹ́ni tó bi àwọn rí. Mo ní ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ bèèrè. Ó ní ta ni kí òun bi, fóòmáànù? Ó fa àwo oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a lọ sí Ṣàngó. Dókítà fetí sí àyà Jùwọ́n, ó ní kí a lọ ya ẹ́síréè. Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní iná kan tó ń la ara kọjá ni. Mo bi í bóyá ó bá ti bọ́ǹbù átọ́míìkì tan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n jọ tan díẹ̀. Kíá, mo pọn ọmọ mi, mo jáde. Àfi bí mo ṣe dé Toll Gate tí ikọ́ gbé e lẹ́yìn mi, tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ sí èjìká mi. Mo yí padà.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àdìzát ló wà nídìí ẹ̀rọ náà, kò lè ju ọ lọ púpọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi wò mí lójú, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lóyún?” Inú bí mi. Mo ní ṣé ikùn mi ló rí, mo ní akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní Sátidé nìkan ni ọkọ mi ń wálé. Ó ní kí n má bínú, pé òun kò bú mi, gbogbo obìnrin tó bá wọlé ni òun gbọ́dọ̀ bi kí òun tó tẹ̀ ẹ́, nítorí bí ọmọ bá wà nínú, kò yẹ kí iná náà kàn án, ẹlòmíràn ni yóò bá mi di Jùwọ́n mú. Ó gbé ẹ̀wù kan tó wúwo bí òkúta, tó ń dí iná náà lọ́nà, wọ̀ mí lọ́rùn. Bí mo ṣe di àbúrò rẹ mú ni ẹkún gbọ̀n mí, ó rò pé ẹ̀wù náà ló wúwo jù. Jemimah, ìbátan ohun kan náà ni o, ọmọdébìnrin tí kò tíì bímọ sì bèèrè kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn gbé tiwọn dé orí odidi ìlú.

Òtútù àyà ló ń ṣe Jùwọ́n. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó mu ẹ̀kọ lánàá, ó ní kí n tún bu òmíràn. Mo ti gbé ẹní rẹ wọlé.

Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, Rose ni yóò mú un wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi òyìnbó kọ, pé èmi òbí gbà pé a kò ní í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ohunkóhun tó bá ti ibi ẹ̀kọ́ náà wá. Bàbá rẹ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ ọ́, nítorí bí ọmọ bá lọ kán lẹ́sẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rántí pé Tíṣà ní ẹni tó ṣe bọ́ǹbù yẹn sọ pé wọ́n bẹ òun níṣẹ́ ni, ẹni tó gbé e lọ ní wọ́n rán òun ni, ẹni tó rán wọn ní ogun ni. Mo wá fi báírò pupa fa ilà náà rẹ́. Òyìnbó mi kò lè gbé ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí náà Yorùbá ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀: Bí Jemimah bá fi ohun tó kọ́ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ wá bi èmi ìyá rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ àti ojúlé wa, kí wọ́n má baà máa wá mi kiri.

Bí o bá rí owó díẹ̀ ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi rán Rose, ó ku ìgò oògùn kan tí a máa rà fún Jùwọ́n. Bí kò bá sí, má yá owó. Bí olùkọ́ yín bá sì ní mo ti ba fọ́ọ̀mù náà jẹ́, gba òmíràn wá kíákíá, màá tún kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní í ṣe ohun tí ẹnu rẹ kò ní í lè jẹ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susanna.