Àwo Orin Yín àti Etí Mi

Àbúrò mi Oníduùrù,

Ṣé dáadáa ni ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Ìyàwó mi ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Mo ti kan òrùlé tuntun sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí ò kàwé kọjá kíláàsì kejì, kò sẹ́ni tó lè fi òòlù na ara mọ́tò tó wọ́ bíi tèmi ládùúgbò yìí.

Àwo orin tí ẹgbẹ́ yín ṣe nígbà èwe, tí wọ́n ní ó gùn jù, tí kò ṣeé jó, àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ẹyinjú. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Òógùn mi ló ra duùrù tí àbúrò mi ń tẹ̀ yẹn!"

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwo parí, mo ṣì ń mi orí. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo Bàbá, orin ti wọ̀ wọ́n lára!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àbúrò, mi ò mọ ìgbà tí orin dákẹ́ ni. Dókítà ní òòlù ti ba etí mi jẹ́: ọ̀tún ti di, òsì ń tẹ̀lé e. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.

Mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ àwo yín lo búra pé o ò ní tẹ duùrù mọ́. Jọ̀ọ́, wálé. Duùrù rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi; mo fi aṣọ bò ó, eku ò jẹ ẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́nà rẹ. Tètè wá, kó má jẹ́ pé ọwọ́ rẹ nìkan ni màá jókòó máa wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọ̀gá Olóòlù