Ìràwọ̀ Tí Mo Ń Wò, Òun Kọ́

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo nígbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó sàn ju bó ṣe wà nígbà tí mo kọ̀wé sí yín kẹ́yìn.

Èsì yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo sunkún nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ ti fi àga kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, pé kí n má bẹ̀rù ẹnu ayé, pé ẹ máa wá kó mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi dàgbà nìkan ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé mo ń fi yín ṣeré.

N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín nígbà yẹn. Mo kàn kọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yìí ju agbára mi lọ, pé mo fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín. Ìràwọ̀ kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ojú ọ̀run ní kí a mú ara wa ní méjì-méjì, kí á mú ìràwọ̀ tó dà bí ẹyọ kan ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹyọ kan, kí á máa gun òkè òrùlé lọ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí á fi awò ńlá tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni wò ó, kí á sì fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí a bá rí. Kí n tó gbójú sókè, kálukú ti mú ẹnìkejì rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé. Iye wa kò ṣeé pín sí méjì, èmi ni mo ṣẹ́kù. Olùkọ́ bi mí bóyá kí òun fi mí kún àwọn kan. Mo ní, "Rárá, sà, mo lè dá a ṣe." Ẹ mọ̀ mí. Ẹnu mi ló sọ ọ́, inú mi kò bá a sọ ọ́.

Ìràwọ̀ tó kàn mí ń jẹ́ Kásítọ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ẹyọ kan tó ń tàn yanran ni. Ṣùgbọ́n awò máa ń là á sí méjì, ẹ̀kẹta sì wà nítòsí wọn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré. Olùkọ́ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jẹ́ méjì tó sún mọ́ra débi pé awò tiwa kò lè yà wọ́n. Mẹ́fà ni gbogbo wọn, tí wọ́n jọ ń yí ara wọn po. Nígbà tí mo gbọ́, mo sọ lọ́kàn mi pé òun kúkú lẹ́gbẹ́.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. "O ti jí?" àti "Ó dàárọ̀" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Mo máa ń jẹ́ kí ilé oúnjẹ dá kí n tó lọ, kí n má baà gbé abọ́ dúró máa wá ẹni tí n óò jókòó tì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá gun òkè, tèmi ti tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọ̀rá pupa wé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà ba ojú mi jẹ́ fún òkùnkùn. Mo wo ìràwọ̀, ẹyọ kan ni. Mo yí awò síwá sẹ́yìn, ẹyọ kan náà ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi àwòrán wọn han ara wọn, "Wo tiwa, wo bó ṣe pín!" Èmi fi ọwọ́ bo tèmi. Olùkọ́ fi ṣàwàdà lọ́jọ́ kan pé, "Ẹni tí kò bá tíì rí méjì, kó lọ fọ ojú rẹ̀." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in, mo sì gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Ó ní kí n ka àwọn lẹ́tà ara ògiri, mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, ojú rẹ dára ju tèmi lọ. Kí lo wá ṣe níbí?" Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Bí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí mi ni. Ìgbà yẹn ni mo kọ̀wé sí yín.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kíláàsì wa kan tí a ń pè ní Aláriwo wá mú súwẹ́tà tó gbàgbé sókè. Ó ní, "Kí lò ń wò?" Mo ní Kásítọ̀ ni. Ó fi ojú sí awò, ó tún wo ojú ọ̀run, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Kásítọ̀ kọ́ nìyí! Pólúsì nìyí, aládùúgbò rẹ̀! Ṣé ilé onílé lo ti ń kanlẹ̀kùn látọjọ́ yìí?" Ó ní, "Ẹnu ń dùn ọ́ ni, tí o kò fi bi wá?" Àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lóòótọ́. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni mo mú, nítorí wọ́n ní Kásítọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan ni Pólúsì. Ohun tí mo rí gan-an ni mo ń yà. Kí n tó dúpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè é nísàlẹ̀, ojú ọ̀run sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ní báyìí, Ilé Onílé ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Ó ní àwọn àwòrán náà kò wúlò, pé bí mo bá fẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì mi yóò dín, tàbí kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní n óò ronú sí i.

Ojú ọ̀run mọ́ lánàá. Mo sún awò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, méjì ni! Funfun báláú, bí ìgbà tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ dúdú lẹ́ẹ̀mejì, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò náà jáde, tí agbára káká ni òwú fi lè gba àárín wọn kọjá. Mo pariwo, "Ẹ wá wò ó!" Mo yíjú. Táńkì omi ló wà lẹ́yìn mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ṣì wà ní yíyà.

N kò ní parọ́ fún yín pé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́. N kò ní. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán tuntun, mo fẹ́ parí rẹ̀, mo sì fẹ́ lọ bẹ olùkọ́ pé kó fi mí kún àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ mìíràn ní àga náà kíákíá, kí n tó yí ọkàn padà.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Oníbàárà kò ní wọ́n yín, ara kò ní ni yín, ẹ ó sì jẹ èrè gbogbo ohun tí ẹ ṣe lórí mi.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ fi ṣe ọmọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: òtútù òkè yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi rán jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn. Síìpù ni kí ẹ fi sí i, ẹ má fi bọ́tìnnì, ìka mi máa ń kú. Kí àpò rẹ̀ sì jìn.