Búrẹ́dì Tó Ní Àmì Ilé Wa

Meknes,
Ọjọ́ kejì ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Tuda,

Mo kí yín o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, àti àwọn ewúrẹ́ yín pàápàá. Ṣé òtútù orí òkè ò dà yín láàmú? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ojú ṣì ń tì mí láti jẹun níwájú àwọn ará ilé ọkọ mi, ṣùgbọ́n Hammou, ọkọ mi, ń kẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ibi yìí.

Ẹ rántí Bouazza, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà lẹ́wọ̀n. Oògùn olóró ló mú un débi tó fi jí wúrà ìyá rẹ̀ tà. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò jáde. Lalla Rqia, ìyá ọkọ mi, sì ti búra pé kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Kí n má purọ́, ìbúra náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rù Bouazza ń bà mí. Inú àpò ìyẹ̀fun ni mo fi ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà ìyá wa pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n Hammou kì í rí oorun sùn. Ó ní, "Bí kò bá rílé wọ̀, ìgboro ni yóò tún gbà á."

Lánàá, ọjọ́ ọdún, wọ́n ní kí ẹbí wá kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Hammou bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ lé wa. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn wọ́dà gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí Lalla máa ń so mọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo rí kọjá àfẹnusọ. Mo rò pé wọ́n kàn ń ti èèyàn mọ́bẹ̀ ni. Àṣé wọ́n ń tún èèyàn pò bí amọ̀, ti oníkálukú lọ́tọ̀! Dókítà ló gba Bouazza lọ́wọ́ oògùn kí wọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́ búrẹ́dì. Wọ́n wá ẹni tó gbédè Seydou, ẹlẹ́wọ̀n kan tó jẹ́ ará Mali, kó lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, títí òun náà fi gbọ́ èdè wa. Bàbá arúgbó kan ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Hammou ti sọ fún mi pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun máa ń gbọ̀n. Bouazza gbé ìkòkò tíì sókè, ó dà á sínú ife kékeré, ẹ̀kán kan ò já bọ́.

Lalla kẹ̀yìn sí i, ó bu búrẹ́dì tó wà níwájú wa. Ààrò kan ni gbogbo àdúgbò wa ń lò, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì kí búrẹ́dì má baà pààrọ̀. Orí kọ́kọ́rọ́ ilé ni Lalla fi ń tẹ àmì sára tirẹ̀. Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí mi gìrì: "Ìyàwó! Ta ló rán ọ pé kí o gbé búrẹ́dì ilé mi wá fún olè?"

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n kó sínú rẹ̀. Àmì wa ni lóòótọ́. Seydou bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ o! Bouazza ló pò ó. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi igi gbẹ́ orí kọ́kọ́rọ́ fún un. Ẹja ni tèmi, ẹ wò ó." Àmì ilé oníkálukú ló wà lára búrẹ́dì tirẹ̀.

Lalla fi ìka tọ àmì náà pẹ́, ó wá bù ú jẹ.

"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Bouazza ní, "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn, Ìyá."

Lalla nawọ́ sọ́rùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. "Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà," ló wí. "Wá gbà á nílé."

Hammou sùn lálẹ́ àná, ó tún hanrun.

Kí Ọlọ́run má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, kó sì jẹ́ kí ewúrẹ́ yín bí ìbejì.

Èmi ni àbúrò yín tí àárò yín ń sọ,
Itto.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mo ti gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ẹ̀gbà ìyá wa. Ó ń dún lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.